Idà Tó Wà ní Swídìn, Ẹṣin Tó Kú ní Ìbàdàn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ikùn ẹṣin lọ, mo mọ ohun kan tí ológun ẹlẹ́ṣin kan láti ìlú Swídìn, tó fi ọdún mẹ́tàlélógún jókòó lórí gàárì, kò mọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò purọ́, mi ò sì mutí. Inú ló ń bí mi. Inú náà ti ń bí mi láti ọjọ́ yẹn títí di òní tí mo jókòó sí páálọ̀ ilé mi ní Grayson, tí mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ èyí fún ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń dàgbà ní Atlanta yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyí tí ọmọ mi ọkùnrin ti kúrò nínú ilé yìí, tí ìyá rẹ̀ kò bá mi jókòó jẹun mọ́. Màá débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹṣin.

Ẹ ò ní rí gírámà ńlá níbí o. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìwé mẹ́fà náà kò sì dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti Stone Mountain títí dé ibí, wọn á sọ fún yín. Tírélà méjì ni mo ní, orúkọ mi ló wà lára méjèèjì. Mo ti wà á gba inú yìnyín Chicago, mo ti wà á gba aṣálẹ̀ dé California, mi ò sì fi ìdí ọkọ̀ kan ògiri ẹnikẹ́ni rí. Dókítà àti nọ́ọ̀sì ló kún ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn tí ìwé-ẹ̀rí wọn pọ̀ ju aṣọ wọn lọ. Èmi náà ni wọ́n ń pè ní Uncle, èmi ni wọ́n sì ń pè bí ọkọ̀ wọn bá dákú lójú ọ̀nà. Orí ló ń ṣe é, kì í ṣe ìwé.

Lọ́dọ̀ bàbá mi ni mo ti rí orí náà. Ọmọ Ìlọrin ni, ìran àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àwọn mọ ẹṣin; bàbá mi gbọ́ èdè rẹ̀. Á gbé etí lé ikùn ẹṣin, á ní, “Omi tí èyí mu láàárọ̀ ti tutù jù,” ọ̀rọ̀ á sì rí bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, kó tó fún wọn ní koríko, á kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí àna. Àwa ọmọ rẹ̀, ó lè kọjá lára wa láìkí wa. Ẹṣin, rárá. Ó ní ẹni tí kò kí ẹṣin kó tó gùn ún, ẹrù lásán ló gbé lé e lẹ́yìn, ẹrù sì ni ẹṣin ń dà nù.

Iṣẹ́ ló gbé e dé Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Òyìnbó tó gbà á síṣẹ́ ga bí òpó iná, irun imú rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ gún bí ẹni tó gbé pákó mì. Iléeṣẹ́ kan tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ káàkiri abúlé ló mú un wá. Òun ló ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kọ́ ló wà lọ́kàn ọkùnrin náà. Ó ra ẹṣin mẹ́ta, ó kọ́lé fún wọn lẹ́bàá pápá, ó sì ní kí bàbá mi wá máa bá òun tọ́jú wọn. Ilé kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ẹṣin náà, ibẹ̀ ni àwa ń gbé. Òun ló sì ń san owó iléèwé mi, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ìtàn iṣẹ́ ogun rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni bàbá mi ti gbọ́ ọ, ẹnu bàbá mi ni èmi náà sì ti gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gun ẹṣin láìní irin tí à ń ti ẹsẹ̀ bọ̀, títí itan wọn fi bó. Ó di ọ̀gá fún ọgbọ̀n ènìyàn, ó di ọ̀gá fún ọgọ́rùn-ún. Ó ti fi ẹṣin yan níwájú ọba wọn, pẹ̀lú akoto tó ń dán lórí. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀, tí gbogbo aládùúgbò wọn ń jà, ìlú tirẹ̀ ní àwọn ò bá wọn dá sí i. Wọ́n kó òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ẹnubodè, nínú yìnyín tó dé orúnkún ẹṣin, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́nà. Ó ṣọ́nà títí ogun fi parí. Kò yin ọta ìbọn kan sí ẹnì kan.

Àwa ọmọ àdúgbò gbọ́ èyí, ó tán! A sọ ọ́ ní Ológun-àìjagun. Bó bá ń kọjá lórí ẹṣin, a ó tò sẹ́bàá ọ̀nà, a ó pariwo pé, “Ológun-àìjagun, ẹ káàárọ̀ o!” Á sì fi ọwọ́ kan iwájú orí bí ológun, á dáhùn pé, “Káàárọ̀, káàárọ̀!” Ó rò pé oyè la fi òun jẹ.

Lẹ́yìn ogun náà, ìjọba wọn ní ayé ẹṣin ti parí, móòtò ló kù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹṣin àwọn ológun. Ẹṣin dúdú tí òun fúnra rẹ̀ gùn fún ọdún mọ́kànlá, alápatà ni wọ́n tà á fún, torí wọ́n máa ń jẹ ẹran ẹṣin níbẹ̀. Ó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rà á. Ọ̀gá náà ní àṣẹ ti jáde, a kì í pe àṣẹ padà. Wọ́n mú ẹṣin náà lọ níṣojú rẹ̀. Wọ́n wá gbé òun jókòó sídìí tábìlì, ó bá wọn jà, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ayé, ó ń wá ibi tí wọ́n ṣì ti ń fi ojú ènìyàn wo ẹṣin. Nígbà tó sọ ti ẹṣin dúdú yìí fún bàbá mi, omi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá mi dé ilé, ó ní, “Òyìnbó sunkún lónìí. Ẹni rere ni.” Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ dè mí.

Ó ní òfin kan tó ju gbogbo òfin lọ: apá òsì ni a ti ń gun ẹṣin. Ìwọ á dúró lápá òsì ẹṣin, ìwọ á ti ẹsẹ̀ òsì bọ irin, ìwọ á sì ju ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá. Ọdún márùn-ún ló fi ń kọ́ bàbá mi ní èyí bí ẹni ń kọ́ ọmọ kéékèèké ní a-b-d, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́: “Òsì! Òsì!” Bàbá mi, tí wọ́n bí sẹ́bàá ẹṣin! Lọ́jọ́ kan ó bi í pé, “Ọ̀gá, kí ló dé tó fi jẹ́ òsì nìkan?” Òyìnbó dáhùn pé ìbàdí òsì ni idà ológun máa ń wà, bí ènìyàn bá gba apá ọ̀tún gun ẹṣin, idà á há sí i láàárín ẹsẹ̀. Bàbá mi wo ìbàdí rẹ̀, ó wò ó títí. Ó ní, “Ọ̀gá, idà ọ̀hún wá dà?” Òyìnbó ní ó wà lára ògiri nílé àbúrò òun obìnrin ní Swídìn.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín délé títí ó fi ń húkọ́. Ṣùgbọ́n ó ń gba apá òsì. Ta ló ń sanwó?

Ní ọdún tí mo wà ní ìwé márùn-ún, òyìnbó ní òun gbọ́ pé ẹṣin pupa kan wà ní abúlé kan lọ́nà Ọ̀yọ́. Ó rán bàbá mi lọ rà á, mo sì tẹ̀ lé e. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín. Orúnkún òsì bàbá yìí ti gan, kì í tẹ̀. Bí igi ló ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ náà. Ó ní òun ti darúgbó, ẹṣin náà ṣì ní eré lára, kò yẹ kó jókòó ti òun. Ó gùn ún yí abúlé ká lẹ́ẹ̀kan láti fi dágbére fún un. Mo rí bó ṣe gùn ún o. Bàbá mi náà rí i. Orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ló gùn kó tó gun ẹṣin. Àwa méjèèjì rí i, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó fi ọkàn sí i.

A mú ẹṣin délé. Ara rẹ̀ ń tàn bí epo pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ. Òyìnbó yí i ká, ó ń súfèé. Bàbá mi di gàárì fún un, ẹṣin dúró jẹ́ẹ́. Òyìnbó wá sápá òsì, ó ti ẹsẹ̀ bọ irin. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹṣin ti yí bí òòyì, ọ̀gá ti wà nílẹ̀.

Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ nù, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ náà ni. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá mi náà gbìyànjú, ó kí ẹṣin, ó bẹ ẹṣin, ó gba apá òsì, ilẹ̀ náà ni. Ní ọjọ́ Sunday, àwọn òyìnbó ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jẹun, àwọn ìyàwó wọn jókòó sábẹ́ ìbòòji, gbogbo àwa ọmọ àdúgbò sì gun ògiri. Ó ní òun fẹ́ fi ẹṣin tuntun hàn wọ́n. Ó wọ bàtà tó gùn dé orúnkún. Ẹṣin jù ú sínú ẹrẹ̀ níbi tí omi ẹṣin ti ń ṣàn. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan sì pariwo lórí ògiri pé, “Ológun-àìjagun ti jagun o! Ẹṣin ló ṣẹ́gun!”

Màá sọ òtítọ́ fún yín. Èmi ni ọmọ náà.

Òyìnbó dìde pẹ̀lú ẹrẹ̀ nírun imú. Ó ní nínú ẹgbẹ́ ogun òun, ẹṣin tó bá ju ọ̀gágun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìbọn ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ní tó bá di Sátidé, òun á yìnbọn pa á. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ìdí nìyẹn tó fi burú. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ ní kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ náà ló ti lè gbé e mì.

Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ ní Monday, ó bẹ̀ ẹ́ ní Tuesday. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹṣin yìí kò burú. Ẹ̀rù ohun kan ló ń bà á, mi ò sì tíì mọ̀ ọ́n.” Kò jẹun. Ilé ẹṣin ló ń sùn. Èmi náà ò lè jẹun, torí mo mọ̀ pé ariwo tí mo pa lórí ògiri wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní Thursday, mo dé láti iléèwé, bàbá mi ti lọ gé koríko. Mo wọlé lọ bá ẹṣin pupa. Mo kí i bí bàbá mi ṣe máa ń kí i. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọdé ni mí. Mo sì wá rò ó pé bí wọ́n bá fẹ́ pa á ní Sátidé, kí n kúkú gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ga tó. Mo wá ohun tí mo lè gùn, ọpọ́n omi òkúta ló wà níbẹ̀, apá ọ̀tún ẹṣin ni ọpọ́n náà sì wà. Mo gun ọpọ́n, mo di gọ̀gọ̀ rẹ̀ mú, mo ju ẹsẹ̀ òsì kọjá. Mo di ojú, mo ń retí ilẹ̀.

Kò sí nǹkan kan. Ẹṣin mí, hùn-ùn, bí àgbàlagbà tó jókòó sórí àga tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Orí ẹṣin yẹn ni mo wà tí ojú mi fi là. Mo rí bàbá abúlé yẹn lójú mi kedere, tó gun orí odó, tó wọ́ ẹsẹ̀ òsì tí kò tẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò tẹ̀ kò lè wọ irin! Apá ọ̀tún ló ti ń gun ẹṣin rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ní in. Ẹṣin yìí kò mọ̀ pé ènìyàn máa ń wá láti apá òsì. Ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ fò mọ́ ọn, ẹkùn ni lójú tirẹ̀. Gbogbo ìjà náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ológun Swídìn kò rí i. Bàbá mi, tó gbọ́ èdè ẹṣin, kò rí i, torí “Òsì! Òsì!” ọdún márùn-ún ti bo ojú rẹ̀. Èmi ni mo rí i, ọmọ ìwé márùn-ún. Bí mo bá ń yangàn, ẹ jẹ́ kí n yangàn.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó fi ọwọ́ gbá ara rẹ̀ lórí. Ó gba apá ọ̀tún gun ẹṣin náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sáré yí pápá ká, ó padà dé, ẹnu rẹ̀ ò pa dé mọ́. Ó gbé mi sọ́rùn dé ilé. Ó ní, “Ìwọ lo gbà á là.”

Sátidé pé. Òyìnbó jáde. Ó wọ ẹ̀wù ogun rẹ̀ àtijọ́, aláwọ̀ sánmà, bọ́tìnnì rẹ̀ kò pa dé níkùn mọ́. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró, àwọn òyìnbó méjì nínú àwọn tó wá ní Sunday wà níbẹ̀. Bàbá mi bọ́ síwájú. Ó gba apá ọ̀tún gun ẹṣin, ó fi yan, ó fi sáré, ó dá a dúró gbọn-in níwájú ọ̀gá, ó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá mi ní, “Ọ̀gá, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló kú. Ẹ gba ọ̀tún. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan péré.”

Ẹ gbọ́ o. Òyìnbó náà gbé ìbọn fún ẹnì kan. Ó rìn yí ẹṣin ká, ó dé apá ọ̀tún. Ó gbé ọwọ́ lé gàárì. Mo wà nítòsí, mo rí ọwọ́ náà, ó di gàárì mú. Ó kù díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra kúrò nílẹ̀ díẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra! Ó wá bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn òyìnbó méjèèjì tó ń wò ó. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí gàárì, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tó gún bí pákó, ó ní:

“Mo ti sọ ọ́. Ó ti di sísọ.”

Ó gba ìbọn padà, ó mú ìjánu, ó fa ẹṣin lọ sẹ́yìn ilé. Ẹṣin tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. A gbọ́ ìró kan ṣoṣo. Ìbọn àkọ́kọ́ tí Ológun-àìjagun yìn sí ohun ẹlẹ́mìí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nìyẹn, ara ẹran tó ti ṣetán láti sìn ín ló yìn ín sí.

Nígbà tó padà dé, bàbá mi dúró dè é. Kò pariwo. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin tí wọ́n ta ẹṣin yín fún alápatà.” Ojú òyìnbó funfun bí ẹfun. Bàbá mi ṣí fìlà iṣẹ́ lórí, ó gbé e lé òpó ẹnu ọ̀nà, ó fà mí lọ́wọ́.

A kó kúrò nínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹṣin náà. Mo ka ìwé mẹ́fà díẹ̀, owó tán, mo di ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ló sì gbé mi dé Amẹ́ríkà. Ẹ ń pè mí ní alágídí, ẹ ní mi ò kàwé. Àwọn ọmọ tí a jọ jókòó ní kíláàsì ń jẹ́ lọ́yà lónìí! Wọ́n ò gbọ́n jù mí lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gùn wá mọ́lẹ̀.

Ó kù díẹ̀ nínú ìtàn náà, n kì í sábà sọ ọ́. Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan, kí òyìnbó náà tó padà sí ìlú rẹ̀, ó wá sílé wa. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, ó gbé gàárì ẹṣin pupa lé èjìká. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi wà nínú yàrá, ó sọ̀rọ̀ sókè sí mi kí òyìnbó lè gbọ́: “Sọ fún un pé mi ò sí nílé.” Òyìnbó gbọ́ ọ, ó sì gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé gàárì sórí pèpéle, ó dúró díẹ̀ sí i, ó lọ. A ò rí i mọ́. Bàbá mi kò fọwọ́ kan gàárì náà títí ikán fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń kú lọ, tí mo ti Amẹ́ríkà pè é, nínú gbogbo ohun tó yẹ ká sọ, ohun tó sọ ni pé, “Ó yẹ kí n jáde sí òyìnbó yẹn.”

Ó dáa. Ẹ wá gbọ́ tèmi.

Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ti dé ọdún kẹta. Ní Sunday kan, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa jókòó sídìí tábìlì mi, mo ń fi ọmọ yìí yangàn lójú wọn bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, “Daddy, mi ò lè ṣe nursing yìí mọ́. Farm kan wà ní Conyers, wọ́n ń train horses. Mo ti ń lọ síbẹ̀ láti last year. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti máa ṣiṣẹ́.”

Ẹṣin! Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé! Ẹṣin tó lé mi kúrò níléèwé, òun náà ni ọmọ mi fẹ́ torí ẹ̀ fi iléèwé sílẹ̀! Mo dìde. Mo pariwo débi pé ajá aládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Mo ní, “Bí ẹsẹ̀ ẹ bá kọjá ilẹ̀kùn yẹn lọ bá ẹṣin, má padà wá!” Mo sọ ọ́ níwájú àlejò. Ó wò mí. Ó gbé àwo tó fi jẹun lọ sí ibi ìfọwọ́, ó fọ̀ ọ́. Ó ní, “Ẹ má bínú ma, ẹ má bínú sà,” fún àwọn àlejò, ó gbé báàgì, ó lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní yàrá ní Clarkston, ibẹ̀ ló wà.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń wá bẹ̀ mí. Pásítọ̀ wá. Àwọn dókítà wá. Mo lé gbogbo wọn. Ní Sunday tó kọjá, màmá àgbà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ti fi ẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀. Ó ní, “Tírélà, ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí wálé.” Bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí. Ó ní, “Èmi tí mo fi ogójì ọdún ṣe nọ́ọ̀sì ni mo ń sọ fún yín, iṣẹ́ yìí kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ṣé ẹ fẹ́ kó lọ gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìbínú ni?”

Mo na ẹ̀yìn mi. Mo ní, “Mummy, mo ti sọ ọ́. Ó ti di sísọ.”

Ohùn òyìnbó yẹn ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi, ìdúró rẹ̀ ni mo dúró. Èmi! Èmi tí mo mọ̀ pé apá ọ̀tún ni! Màmá náà ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Àárín pápá ni mo wà, mo rí ọwọ́ tó di gàárì mú, mo rí bó ṣe gbé e kúrò. Láti ọjọ́ náà mi ò lè sùn, inú òyìnbó ò bí mi mọ́ tó bí inú ara mi ṣe ń bí mi.

Láyé ìgbà tiwa, bí bàbá bá ti sọ̀rọ̀, ilé á dákẹ́ rọ́rọ́, wọn á ní ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la gbà á. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa pé ẹni tó jù ú sílẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nu ilẹ̀. Lóde òní, ọmọ á fọ àwo rẹ̀, á ní ẹ má bínú sà, á lọ, ariwo bàbá ò lè mú un padà. Ó ń dùn mí pé ayé yí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ayé ìgbà yẹn bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí bàbá mi fi kú pẹ̀lú òyìnbó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Pápá tí ẹṣin pupa ti sáré, wọ́n ní ilé ló kún ibẹ̀ báyìí. Níbí, mo máa ń wa tírélà kọjá lára oko ẹṣin, ọgbà funfun, koríko tútù, fún ogún ọdún mi ò yíjú wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ mi wò wọ́n. Ọmọ bàbá mi ni, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Ìran ni.

Mi ò sọ pé inú mi dùn sí i o. Màá ṣì bá a jà lórí ọ̀rọ̀ iléèwé yẹn, ọdún kẹta kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n tí a bá máa jà, nínú ilé mi la ti máa jà, pẹ̀lú oúnjẹ ìyá rẹ̀ níwájú wa.

Òní Sátidé ni. Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kékeré, ìyá rẹ̀ ti wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí pé kí ni mò ń kọ tí kò tán. Clarkston kò jìnnà. Bó bá ní òun ò sí nílé, màá dúró. Bó bá sì ní kí n tẹ̀ lé òun dé oko ẹṣin yẹn, màá tẹ̀ lé e, màá bi í pé apá wo ni ẹṣin náà mọ̀, apá náà ni màá gbà.